Ẹ Wá Àkọsílẹ̀ Ìdílé Yín, Kí Ẹ̀tọ́ Má Baà Sọnù

Gbogbo ọpẹ́ ti Allāhu ni, Ọba tí Ó dá ènìyàn láti ara ẹ̀mí kan ṣoṣo, tí Ó sì fi okùn ẹbí àti okùn àna so wá pọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ ẹ̀san.



Ní oṣù yìí, ọ̀rọ̀ ìdílé ni a fẹ́ bá ara wa sọ. Bí a bá bi púpọ̀ nínú wa pé kí ni orúkọ bàbá bàbá wọn, wọn á dáhùn. Bí a bá bèèrè orúkọ ìyá tí ó bí bàbá àgbà náà, wọn á máa wo ojú ara wọn. Bí a bá wá bèèrè pé ọmọ mélòó ni ìyá náà bí, ìlú wo ni wọ́n fẹ́ àwọn obìnrin inú wọn sí, ta ni ó sì ṣẹ́kù nínú àwọn ọmọ wọn lónìí, ọ̀rọ̀ á pèsì jẹ. Àwọn tí ó mọ ìdáhùn ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. À ń kí jànáísà lé wọn lórí, a ń sin wọ́n, a ń ṣe àdúà fún wọn, ṣùgbọ́n a kò bi wọ́n ní nǹkan kan kí wọ́n tó lọ.

Àwọn kan lè sọ pé: ta ni ọ̀rọ̀ ìtàn ìdílé kàn nínú ẹ̀sìn? Ìrun, ààwẹ̀, sàká àti hájì ni kí á gbájú mọ́. Èsì wa ni pé ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn wà lára ẹ̀sìn, ẹni tí kò bá sì mọ ẹni tí ó tan mọ́ ọn, kò lè mọ ẹ̀tọ́ tí ó jẹ.

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN WA WÍ

Allāhu jẹ́ kí á mọ̀ nínú Súrà Al-Hujurāt, áyà 13, pé láti ara ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni Òun ti dá wa, àti pé nítorí kí á lè dá ara wa mọ̀ ni Òun fi ṣe wá ní ìran-ìran àti ẹ̀yà-ẹ̀yà. Nínú áyà yìí kan náà ni Ó ti jẹ́ kí ó yé wa pé ẹni tí ó bẹ̀rù Òun jùlọ ni ó níyì jùlọ lọ́dọ̀ Òun. Ẹ wò ó dáadáa: ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú áyà kan. Ọ̀kan ní kí á mọ ara wa. Èkejì ní kí á má fi ìmọ̀ náà gbéra ga. Ẹni tí ó bá mú ọ̀kan tí ó fi èkejì sílẹ̀, kò tíì mú áyà náà.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sì pa á láṣẹ, nínú hádíìsì tí At-Tirmidhī gbà wá láti ọ̀dọ̀ Abū Hurayra, pé kí á kọ́ nípa ìran wa ní ìwọ̀n tí a ó fi lè máa so okùn ẹbí pọ̀. Ẹ gbọ́ ìdí tí ó fi pàṣẹ náà. Kò ní kí á kọ́ ọ láti fi pe ara wa ní ọmọ ọba. Nítorí okùn ẹbí ni.

Àwọn sàhábé náà kò fi ìmọ̀ yìí ṣeré. Abū Bakr (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) wà lára àwọn tí ó mọ ìran àwọn Kùràéṣì jùlọ. Nígbà tí Umar jẹ́ olórí àwọn onígbàgbọ́ òdodo, tí owó ń wọlé láti ọ̀pọ̀ ilẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ ìwé orúkọ tí wọn yóò máa fi pín owó náà. Ìwé yìí ni wọ́n ń pè ní dīwān. Ènìyàn mẹ́ta tí ó mọ ìran dáadáa ni ó gbé iṣẹ́ náà fún: Aqīl ọmọ Abū Tālib, Makhrama ọmọ Nawfal àti Jubayr ọmọ Mut'im. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́, wọ́n fi ìdílé Umar sí ipò gíga nítorí pé òun ni olórí. Umar kọ̀. Ó ní láti orí ẹni tí ó sún mọ́ Ànábì jùlọ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì fi Umar sí ibi tí Ọlọ́hun fi í sí. Nítorí náà, àkọsílẹ̀ ìdílé kì í ṣe àṣà òyìnbó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kó wọ inú ẹ̀sìn. Àwọn aṣíwájú wa lo ìwé láti fi mú ẹ̀tọ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ni ín, wọn kò sì gbà kí ipò ẹnikẹ́ni yí ohun tí ó wà nínú ìwé padà.

Ẹ rántí ìtàn Zayd ọmọ Hāritha náà. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn adigunjalè jí i gbé lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, tí wọ́n sì tà á ní ọjà Ukāz. Bàbá rẹ̀ wá a títí. Àwọn ará ìran rẹ̀ tí ó wá ṣe hájì ní Mọ́kà ni ó rí i tí wọ́n dá a mọ̀, tí wọ́n sì mú ìròyìn rẹ̀ lọ sílé. Bàbá rẹ̀ àti arákùnrin bàbá rẹ̀ mú owó ìràpadà wá, ṣùgbọ́n Zayd yàn láti dúró lọ́dọ̀ Ànábì, Ànábì sì fi í ṣe ọmọ. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn ènìyàn ń pè é ní Zayd ọmọ Muhammad, títí áyà 5 nínú Súrà Al-Ahzāb fi sọ̀ kalẹ̀ pé kí á máa fi orúkọ bàbá tí ó bí wọn pe àwọn ọmọ tí a gbà tọ́. Ó padà di Zayd ọmọ Hāritha. Ta ni ó tún níyì ju Ànábì lọ tí ènìyàn ìbá máa jẹ́ orúkọ rẹ̀? Síbẹ̀ Ọlọ́hun kò fẹ́ kí orúkọ Hāritha parẹ́ lára ọmọ rẹ̀.

Ẹ̀TỌ́ TÍ Ó Ń SỌNÙ

Ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ ògún ṣe àpẹẹrẹ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà, Ìlọrin, Ṣakí àti àwọn ìlú mìíràn padà wálé ní ọ̀wọ̀ọ́wọ́, ẹlòmíràn pẹ̀lú ẹrù orí nìkan. Ká ní ọkùnrin kan wà nínú wọn tí ó fi ọmọbìnrin kékeré kan sílẹ̀ lọ́hùn-ún lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá ọmọ náà tí ó ti kú. Ó délé, ó fẹ́ ìyàwó, ó bí ọmọkùnrin méjì àti ọmọbìnrin kan. Nígbà tí ó kú, àwọn òbí rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìsìnkú àti gbèsè, 2,400,000 náírà ni ó ṣẹ́kù.

Ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó, ìyẹn 300,000 náírà. Ó ku 2,100,000. Ọmọkùnrin á gba ìlọ́po méjì ọmọbìnrin. Bí àwọn ọmọ ilé nìkan bá pín in, ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan á gba 840,000, ọmọbìnrin á gba 420,000. Ṣùgbọ́n bí a bá ka ọmọ Gánà mọ́ wọn bí Ọlọ́hun ti pa á láṣẹ, ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan á gba 700,000, ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan á gba 350,000. Ẹ rí i pé 140,000 wà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan, 70,000 sì wà lọ́wọ́ ọmọbìnrin ilé, tí kì í ṣe tiwọn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò jalè. Wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn ní ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí fọ́tò kan bá wà nínú àpótí bàbá wọn, tí lẹ́tà kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ láti Tamale tàbí Kumasi, tí wọn kò sì wádìí nítorí pé wọ́n ń bẹ̀rù ohun tí wọ́n máa rí, kí ni wọn yóò wí níwájú Ọlọ́hun?

Ògún nìkan kọ́. Ìgbéyàwó wà níbẹ̀. Súrà An-Nisā', áyà 23, ka àwọn tí a kò gbọdọ̀ fẹ́ sílẹ̀, ó sì ka ẹni tí a jọ mu ọmú kan náà mọ́ wọn. Al-Bukhārī gba ìtàn Uqba ọmọ Al-Hārith wá, ẹni tí ó ti fẹ́ ìyàwó tán kí obìnrin kan tó wá sọ pé òun ti fún òun àti ìyàwó rẹ̀ lọ́mú ní kékeré. Uqba kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ó gun ràkúnmí láti Mọ́kà lọ bá Ànábì ní Mẹ̀dínà, ìdáhùn tí ó sì gbà ni pé báwo ni yóò ṣe máa gbé e lọ nígbà tí a ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó fi obìnrin náà sílẹ̀. Ẹ wo ilé tí ó tú nítorí ohun tí ìbá rọrùn láti mọ̀ kí wọ́n tó so yìgì! Lónìí, ọ̀dọ́ méjì lè pàdé ní yunifásítì, ọ̀kan láti Èkó, èkejì láti Ìbàdàn, tí orúkọ ìdílé wọn kò jọra rárá, kí ìyá àgbà kan ṣoṣo sì ti tọ́ àwọn méjèèjì dàgbà.

Gbèsè wà níbẹ̀, ilẹ̀ tí wọ́n fi dógò wà níbẹ̀, wàsíyà tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́ wà níbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ní ẹni tí ó ni ín.

IBI TÍ ÀKỌSÍLẸ̀ WÀ

Ìkínní, ẹnu àwọn àgbà. Àwọn ni kí á kọ́kọ́ tọ̀ lọ, nítorí ìwé á dúró dè wá, wọn kò sì lè dúró. Ẹ má ṣe gbàgbé àwọn obìnrin. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àwọn ìyá àgbà, àwọn ìyàwó ilé tí ó ti pẹ́ nílé ọkọ àti àwọn ọmọ-osú mọ ohun tí àwọn ọkùnrin kò mọ̀: ẹni tí ó tọ́ ọmọ ta ni, ẹni tí ó fún ọmọ ta ni lọ́mú, ọmọ tí ó kú ní kékeré àti èyí tí wọ́n mú lọ sí ọ̀dọ̀ ẹbí ìyá rẹ̀. Oríkì orílẹ̀ náà wà lẹ́nu wọn. Bí o bá gbọ́ pé ọmọ Oníkòyí ni yín, tàbí ọmọ Olófà, tàbí Ọ̀pómúléró, o ti rí ọ̀nà kan tí ó ń tọ́ka sí ìlú tí ìdílé rẹ ti ṣí wá.

Ìkejì, àpótí inú ilé. Ìwé ilẹ̀, rìsíìtì owó orí, ìwé ìrìnnà tí bàbá àgbà fi lọ sí hájì, káàdì ọ́sípítù, lẹ́tà, ẹ̀yìn fọ́tò, èèpo ìwé kéú tí àwọn alfa àtijọ́ máa ń kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sí. Bí ó bá jẹ́ pé Lárúbáwá tàbí àjàmí ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ má ṣe fi ṣe tírà, ẹ má sì sun ún. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tí ó lè kà á.

Ìkẹta, ọ́fíìsì ìjọba, kóòtù àti ilé ẹ̀kọ́. Ní Èkó, láti 1863 ni òfin ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú ti wà. Ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn, ó pẹ́ kí ó tó débẹ̀. Ní ilé ẹjọ́ gíga, ọ́fíìsì tí ó ń bójú tó ogún òkú ní ìwé ìhágún àti ìwé àṣẹ tí wọ́n fún àwọn tí ó pín dúkìá. Ní Ìlọrin, àwọn kóòtù tí ó ń gbọ́ ẹjọ́ lórí Ṣàríà ní ìwé bí wọ́n ṣe pín ògún. Ẹjọ́ ilẹ̀ àtijọ́ sì dára púpọ̀ fún iṣẹ́ yìí, torí ẹni tí ó bá ń jà du ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ka ìran rẹ̀ fún adájọ́, akọ̀wé kóòtù á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé orúkọ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà wà. Láti ìgbà tí ìjọba ti dá ilé ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó ní 1896, tí ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1923 sì tẹ̀ lé e pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀, orúkọ ọ̀pọ̀ àwọn bàbá àti ìyá wa ti wà nínú ìwé.

Ìkẹrin, ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1954. Ẹ̀ka rẹ̀ tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni ìwé àwọn Ẹkùn Ọ̀yọ́, Ìjẹ̀bú, Abẹ́òkúta àti Oǹdó ti ìgbà ìjọba òyìnbó wà: ẹjọ́ oyè, ẹjọ́ ilẹ̀, ìwé ẹ̀bẹ̀ tí àwọn aráàlú kọ sí ajẹ́lẹ̀, àti ìròyìn tí àwọn òyìnbó kọ nípa ìlú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá jẹ́ ará Ìlọrin tàbí Ọ̀ffà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé abẹ́ ìjọba Àríwá ni Ẹkùn Ìlọrin wà nígbà náà, nítorí náà ẹ̀ka Kàdúná ni kí ó lọ. Ní ti ìwé Lárúbáwá, Yunifásítì Ìbàdàn ti dá ibùdó àkójọ rẹ̀ sílẹ̀ láti 1964.

Ìkarùn-ún, ìwé òkè òkun fún àwọn ọmọ Sàró àti Àgùdà. Láti 1808 ni àwọn òyìnbó ti ń gba ẹrú sílẹ̀ lórí omi tí wọ́n ń kó wọn lọ sí Freetown. Wọ́n kọ orúkọ wọn sínú ìwé ńlá, pẹ̀lú ọjọ́ orí, gíga, àti ilà tàbí àpá ara wọn. Ìwé náà wà ní Fourah Bay College ní Sàró, ẹ̀dà púpọ̀ wà ní Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, a sì lè rí púpọ̀ nínú rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Mùsùlùmí Yorùbá wà nínú wọn tí kò fi ẹ̀sìn sílẹ̀. Ìlú Waterloo ní Sàró ni wọ́n ti bí Mohammed Shitta, ẹni tí ó padà kọ́ mọ́sáláṣí tí wọ́n ṣí ní Èkó ní 1894. Ní Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, nígbà tí àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n kó lẹ́rú dìde ní oṣù Kìíní 1835, nínú oṣù Ràmàdáánì, Yorùbá ni púpọ̀ nínú wọn. Ilé ẹjọ́ kọ orúkọ àwọn tí wọ́n mú, ẹ̀yà wọn àti ẹni tí ó rà wọ́n, wọ́n sì kó àwọn ìwé Lárúbáwá tí wọ́n bá lọ́wọ́ wọn pamọ́. Àwọn ìwé ẹjọ́ náà wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba Bàhíà ní Salvador títí di òní. Ọ̀tá ni ó kọ wọ́n, ṣùgbọ́n Ọlọ́hun fi ọwọ́ ọ̀tá pa orúkọ àwọn ẹrúsìn Rẹ̀ mọ́.

BÍ A ṢE Ń WÁDÌÍ

Kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá gbọ́ ni òótọ́, kì í ṣe gbogbo ohun tí ó wà nínú ìwé ni òótọ́. Àwọn onímímọ̀ hádíìsì ti kọ́ wa ní ọ̀nà tí ó dára jù: ìsínádì. Ta ni ó sọ ọ́? Ọ̀dọ̀ ta ni ó ti gbọ́ ọ? Ṣé ó bá ẹni náà láyé? Ṣé olóòótọ́ ni? Nítorí náà, bí o bá ń kọ ìtàn ìdílé rẹ, má ṣe kọ ọ́ pé báyìí ni ó rí, kí o sì dákẹ́. Kọ ọ́ pé: lágbájá ni ó sọ fún mi ní ọjọ́ báyìí, ó ní ẹnu ìyá òun ni òun ti gbọ́ ọ. Bí àgbà méjì bá sọ ohun tí kò dọ́gba, kọ méjèèjì.

Ṣọ́ra fún orúkọ. Àwọn bàbá wa kì í jẹ́ orúkọ ìdílé kan ṣoṣo láti ìran dé ìran bí ti òyìnbó. Ọmọ á fi orúkọ tí bàbá rẹ̀ gan-an ń jẹ́ ṣe ìkejì tirẹ̀, nítorí náà ọmọ ìyá kan náà lè ní orúkọ ìdílé tí ó yàtọ̀. Àwọn akọ̀wé sì ń kọ ọ́ bí ó ti dún létí wọn. Ìbúráímọ̀, Brimah àti Ibrahim, orúkọ kan ni. Gbàdàmọ́sí àti Badmus, orúkọ kan ni. Mọ̀mọ́dù ni Muhammad, Bàkàrè ni Abubakar, Làmídì ni Abdul-Hamid. Bí o bá wá ọ̀kan tí o kò rí i, wá ìyókù kí o tó padà sílé.

Ṣọ́ra fún ọjọ́ orí. Ọ̀pọ̀ àwọn bàbá wa kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Wọ́n ní kí ọmọ fi ọwọ́ kọjá lórí kan etí òdìkejì ni kí wọ́n tó gbà á sílé ìwé, olùkọ́ á sì fojú díwọ̀n ọdún rẹ̀. Nígbà tí ó dàgbà tí ó nílò iṣẹ́ ìjọba, ìbúra kóòtù ni ó lò. Ohun tí ó dára ni kí á bèèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Ogun Kírìjì parí ní 1886. Ogun Adùbí jà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918. Ogun Hítílà bẹ̀rẹ̀ ní 1939, ó parí ní 1945. Bí ìyá àgbà bá ní òun ti ń kiri ọjà nígbà ogun Hítílà, o ti rí ibi tí o lè ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

OHUN TÍ A GBỌ́DỌ̀ ṢỌ́RA FÚN

Àkọ́kọ́ ni ìgbéraga. Ànábì wa ka fífi ìran yangàn mọ́ ìwà ìgbà àìmọ̀kan. Muslim sì gbà á wá pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá fà á sẹ́yìn, ìran rẹ̀ kò lè tì í síwájú. Bí bàbá rẹ bá jẹ́ lémọ́ọ̀mù, kò kí ìrun sílẹ̀ fún ọ.

Èkejì ni irọ́. Àwọn kan á wádìí, wọn á rí i pé ìdílé àwọn kò tan mọ́ ilé ọba tí wọ́n ń pè mọ́ra, wọn á sì fi ìwé náà pamọ́. Ànábì kìlọ̀, nínú hádíìsì tí Al-Bukhārī àti Muslim gbà, pé ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ pe ara rẹ̀ ní ọmọ ẹni tí kì í ṣe bàbá rẹ̀, Àlùjánnà á di èèwọ̀ fún un. Ṣé nítorí oyè tàbí ilẹ̀ ni a ó ṣe sọ èyí nù?

Ẹ̀kẹta ni ìtìjú ẹrú. Bí a bá wádìí jìnnà, púpọ̀ nínú wa á bá a pé ìyá ńlá kan ni wọ́n mú lójú ogun, tàbí bàbá ńlá kan ni wọ́n fi ṣe ìwọ̀fà tí kò padà sílé mọ́. Àwọn ìdílé kan á ní kí a má sọ ọ́. Àwọn mìíràn á máa fi bú àwọn tí ó ṣẹ̀ wá láti ibẹ̀, wọn á ní wọn kò ní ẹ̀tọ́ nínú ilé. Àwọn méjèèjì ni ó ṣìnà. Kí ni ojú tì wá sí nínú ohun tí Zayd kò fi tijú? Kí sì ni a fẹ́ fi bú ẹni tí ó bá Bílálì jọra? Ẹni tí a jí gbé ni wọ́n ṣẹ̀. Òun kọ́ ni ó ṣẹ̀. Bí ọmọ rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ bàbá yín, arólé ni, kì í ṣe àlejò.

Ẹ̀kẹrin ni ẹbọ. Oríkì àti ìtàn ìdílé á mú wa dé ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá tí ó bọ òrìṣà. Ẹ mú ìmọ̀ inú rẹ̀, ẹ fi ohun tí ó jẹ́ ẹbọ sílẹ̀. Mímọ̀ pé baba ńlá ẹni jẹ́ abọ̀rìṣà kò sọ ènìyàn di abọ̀rìṣà, ó yẹ kí ó sọ wá di ẹni tí ó ń dúpẹ́ ìmọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ́dọ̀ babaláwo tàbí alfa tí ń tẹ yanrìn pé kí ó wo ibi tí àwọn ti ṣẹ̀ wá. Ohun tí kò sí lẹ́nu àgbà tí kò sì sí nínú ìwé, ẹ fi í sílẹ̀ fún Ẹni tí Ó mọ ìkọ̀kọ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni títú àṣírí. Ọmọ tí a bí sínú ìgbéyàwó, ọmọ onílé ni. Ànábì wa ti ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìwádìí ìdílé tàbí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ayé òde òní fi ẹ̀sùn kan ìyá àwọn ẹlòmíràn. Èyí tí ẹ̀tọ́ ènìyàn bá rọ̀ mọ́, ẹ gbé e tọ onímímọ̀ lọ ní ìdákẹ́jẹ́. Èyí tí kò sí ẹ̀tọ́ kankan níbẹ̀, tí ó jẹ́ àbùkù òkú lásán, ẹ bò ó.

IṢẸ́ OṢÙ YÌÍ

Ẹ̀yin ará mi, kí olúkúlùkù wa ra ìwé àkọsílẹ̀ kan kí oṣù yìí tó parí. Kọ orúkọ tìrẹ, ti bàbá àti ìyá rẹ, ti àwọn òbí wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti ti ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá kọ̀ọ̀kan wọn. Kọ ìlú tí wọ́n bí wọn sí, ẹni tí wọ́n fẹ́, ọmọ tí wọ́n bí, ẹni tí ó fún wọn lọ́mú bí kì í bá ṣe ìyá wọn, ibi tí wọ́n sin òkú sí. Fi àyè sílẹ̀ fún gbèsè àti dúkìá. Lẹ́yìn náà, lọ kí àgbà kan nínú ẹbí tí o ti pẹ́ tí o ti rí. Má ṣe lọ lọ́wọ́ òfo, má sì ṣe fa ìwé yọ kí o tó jókòó. Bèèrè àlàáfíà rẹ̀, gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ṣe iṣẹ́ tí ó bá rán ọ. Ìbẹ̀wò yẹn gan-an ti jẹ́ síso okùn ẹbí pọ̀, bí o kò tilẹ̀ rí orúkọ kan kọ.

Nígbà tí o bá parí, kà á sí etí àwọn àgbà kí wọ́n lè tún un ṣe. Dà á kọ sí mẹ́ta: ọ̀kan lọ́dọ̀ rẹ, ọ̀kan lọ́dọ̀ àgbà ilé, ọ̀kan lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ń gbé ìlú mìíràn. Bí o bá rí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ yín, sọ ọ́ jáde. Ó lè ṣòro. Ó lè dín ilẹ̀ yín kù, ó lè bí ẹ̀gbọ́n rẹ nínú. Ṣùgbọ́n ó sàn kí á gé e kúrò nínú dúkìá wa láyé ju kí wọ́n gé e kúrò nínú láádá wa lọ́run lọ, níbi tí kò sí náírà mọ́.

Ọlọ́hun ti pàṣẹ fún wa nínú Súrà Al-Baqara, áyà 282, pé kí á kọ gbèsè sílẹ̀, ìbáà kéré, ìbáà pọ̀. Bí gbèsè owó díẹ̀ bá tó ohun tí à ń kọ, mélòómélòó ni ènìyàn ẹlẹ́ran ara!

Kí Allāhu foríjin àwọn òbí wa àti àwọn òbí wọn tí ó kú sínú ìgbàgbọ́. Kí Ó dá àwọn ẹbí wa tí ó ti nù padà fún wa. Kí Ó má ṣe jẹ́ kí a jẹ ẹ̀tọ́ ọmọ òrukàn, yálà a mọ̀ tàbí a kò mọ̀. Kí Ó ṣe wá ní ẹni tí yóò máa so ohun tí Ó ní kí á so pọ̀, kí Ó sì kó wa jọ pẹ̀lú àwọn ẹni wa nínú Àlùjánnà. Āmín.